Búùtù kì í ṣe àyè ajá

Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín o, ajá tó ń ṣọ́lé fún wa, ara ilé ni. Àmọ́ bí ìrìn àjò bá ti dé, inú búùtù ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ọ́ sí bí ẹrù.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde. Mímí hẹlẹhẹlẹ tó ń mí, tó ń yọ ahọ́n síta, òun ló fi ń mú kí ara rẹ̀ tutù. Bí atẹ́gùn tó ń fà símú bá ti gbóná, kò sí bó ṣe lè mí tó tí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Búùtù kò ní fèrèsé. Inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ pa sínú oòrùn náà kò sàn: láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 Celsius ju ti ìta lọ. Ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ kò sì tó láti gbà á là. Aládùúgbò wa kan pàdánù ajá rẹ̀ báyìí nígbà ọdún Kérésì 2021. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró lójú ọ̀nà; nígbà tí wọ́n fi máa ṣí búùtù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ rántí pé ewu kan náà ló wà fún ọmọ kékeré tí a bá fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olè ń da àdúgbò màmá ọkọ mi láàmú n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún 76 ni Màmá nígbà náà, wọ́n sì ń dá gbé. La bá pinnu láti gbé Bíngó, ajá wa, lọ bá wọn láti Ìbàdàn. Baálé mi ní ká fi í sí búùtù. Ọmọ wa ọkùnrin ní òun yóò gbé e lé ẹsẹ̀ níwájú ọkọ̀. Mo ní méjèèjì kò ṣeé ṣe. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ajá tó wọn kílò 20 yóò fò bí òkúta, yóò sì ṣe ara rẹ̀ àti ọmọ léṣe. Ajá tí ẹ̀rù ń bà tún lè bu ọmọ jẹ, tàbí kó kó sí awakọ̀ lẹ́sẹ̀.

Bíngó ti gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn digbolugi kó tó di ọjọ́ náà. Oúnjẹ díẹ̀ la fún un ní wákàtí mẹ́rin ká tó gbéra, kó má bàa bì. Ìjókòó ẹ̀yìn la fi í sí. Okùn tó gba àyà àti èjìká rẹ̀ la so mọ́ bẹ́líìtì ọkọ̀. A kò so ó mọ́ ọrùn, kó má bàa fún un pa. A dúró lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi kó lè mu omi kó sì tọ̀, àmọ́ mo ti di okùn rẹ̀ mú kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí Màmá rí i, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ìyàwó mi, ṣé ajá náà ti ń de bẹ́líìtì ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹni tó fẹ́ wá ṣọ́ yín, ó yẹ ká ṣọ́ òun náà dé ibí."

Bí ajá bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, tí kò lè dúró dáadáa mọ́, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ jẹ́ kó lá omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má fipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Bó bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi epo tàbí ata sí ojú egbò. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àrùn digbolugi bá ti fara hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìwòsàn fún un mọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.