Ẹsẹ̀ Wa Lórí Yr Wyddfa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé Manchester, ọ̀nà ilé, ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ la mọ̀. Ènìyàn lè gbé ibẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi gboyè ní yunifásítì, kó má tíì tẹ ilẹ̀ tí wọn kò da ọ̀dà sí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹnu kò pé, dípò àríyá inú gbọ̀ngàn, a ó lọ gun Yr Wyddfa, òkè tó ga jù lọ ní Wélsì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdon. Mítà 1,085 ni gíga rẹ̀.

Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ ń lọ́ra. Wọ́n ní, "Kí la fẹ́ lọ mú lórí òkè?" Ìbéèrè náà tọ́. Nínú ìtàn tiwa, ènìyàn kì í ṣàdédé gun òkè. Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè tẹ ìlú wọn dó sí, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun òkè nílé lónìí, àdúrà ni wọ́n ń bá lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ogun kò lé, tí kò gbé ẹ̀bẹ̀ kankan dání, jí ní kùtùkùtù kó lọ gun òkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tuntun ni lójú wa.

Llanberis la ti gbéra, ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà. Nínú àwọn ọ̀nà tó gòkè, èyí tó gùn jù tó sì dẹ̀ jù la yàn: nǹkan bíi máìlì 9 ni, àlọ àti àbọ̀. Òfin kan ṣoṣo la ṣe: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni yóò ṣíwájú, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré fi í sílẹ̀. Báyìí ni Màmá kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe di aṣáájú wa. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀ wọ́n pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," wọ́n ní, "Ẹ sinmi tiyín. Bí èmi bá jókòó báyìí, orúnkún mi ò ní gbà mọ́."

Bí a ti gòkè díẹ̀ tí a bojú wẹ̀yìn, a rí òkè kan lódìkejì adágún tí wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìpele-ìpele títí dé òkè. Kúárì Dinorwig ni, tí wọ́n tì pa ní 1969. Òkúta síléètì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ilé, tí àwọn bàbá wa sì fi kọ́ ìwé kíkọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ ìtàn nílé ìwé dá wa dúró níbẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí ẹ̀yìn òkè yẹn. Wọ́n ní kúárì tó tóbi jùyẹn wà lọ́hùn-ún, ní Bethesda. Richard Pennant, tó padà di Lord Penrhyn, ló sọ ọ́ di ńlá ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ọkùnrin yìí ní oko ìrèké ní Jamaica, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń ro ó. Nínú owó oko náà ló ti fi la kúárì, tó fi la ọ̀nà tí òkúta ń gbà dé èbúté. Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tako àwọn tó fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú.

Kò sẹ́ni tó tètè fọhùn. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Á jẹ́ pé kì í ṣe òní la dé ibí." Wọ́n sì tún ṣíwájú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé gun èyí tó kù. Mo ti ń wo àwọn òkè wọ̀nyí bí ohun ìní ẹlòmíràn, tí àwa kàn wá yọjú sí. Àmọ́ òógùn àwọn tó jọ wá ti wọ ilẹ̀ yìí kí baba ńlá wa tó gbúròó Manchester.

Lókè, kùrukùru bò wá, atẹ́gùn sì ń gbá wa létí. Àwọn tó wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yá ẹ̀wù òjò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ní Bwlch Glas, níbi tí ọ̀nà ti pàdé, a kọ́kọ́ yà sí Garnedd Ugain, òkè kejì, mítà 1,065, kí a tó padà gun Yr Wyddfa gan-an. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò débẹ̀ láti 1896, nítorí náà a bá àwọn tí bàtà wọn kò dọ̀tí rárá. Kò bí wa nínú. Nígbà tí kùrukùru là, adágún Glaslyn yọ nísàlẹ̀ wa, ó ń dán. A ṣí kúlà oúnjẹ, a pín ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín, a sì fún àwọn àjèjì tó wà nítòsí.

Sísọ̀kalẹ̀ le fún orúnkún ju gígùn lọ, ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ ti yàtọ̀. Àwọn ọmọ tó ti ń bojú wo fóònù láàárọ̀ ń bi Ẹ̀gbọ́n léèrè nípa Jamaica àti Penrhyn. Mo wá gbà pé ènìyàn lè ní ìwé ìgbélùú kó má mọ ìlú. Ẹsẹ̀ la fi ń mọ ilẹ̀, ó sì dára kí a jọ mọ̀ ọ́n, àgbà àti ọmọdé, kí ẹni tó mọ ìtàn lè pa á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ ti pinnu: lọ́dún tó ń bọ̀, Bethesda la ó lọ, kí àwọn ọmọ wa lè fojú ara wọn rí ibi tí owó ìrèké ti la inú òkè.