Ọdún Nìkan Kò Tó

Bí wọ́n bá gbé ìwé àtijọ́ lé mi lọ́wọ́, èmi kì í kọ́kọ́ wo bó ṣe gbó tó. Ewé tí orúkọ ìwé wà ni mo máa ń ṣí, màá sì yí i sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àwọn tó tẹ ìwé máa ń sọ ọdún tó kọ́kọ́ jáde àti ìgbà tí wọ́n tún un tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, The Palm-Wine Drinkard. Faber and Faber ló tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Òǹkà àwọn ará Róòmù ni Faber fi ń kọ ọdún nígbà náà, bí wọ́n bá sì tún ìwé tẹ̀, wọ́n á fi tuntun kún un nísàlẹ̀. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ṣì ń gbé ọdún àkọ́kọ́ dání. Àfi kéèyàn kà á débi tó parí sí. Lọ́dún 1953, Grove Press tẹ̀ ẹ́ ní New York. Ẹ̀dà kìíní ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù ni àkọ́bí.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń to nọ́ńbà 1 dé 10 síbẹ̀. Bí wọ́n bá tún ìwé tẹ̀, wọ́n á yọ 1 kúrò. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2 ni Random House fi ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, wọ́n á sì kọ “First Edition” tì í. Bébà tí wọ́n fi ń wé ẹ̀yìn ìwé náà ṣe pàtàkì. Owó gọbọi ni àwọn tó ń kó ìwé jọ ń san lé ìwé tí tirẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló jẹ mí lógún. Nínú ìwé Tutuola yẹn, Faber tẹ ojú ewé kan tí Tutuola fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i. Ẹni tó bá rí i á mọ ibi tí ọwọ́ òǹkọ̀wé dúró àti ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tó jáde lọ́dún 1938. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, torí ọdún 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn òǹkàwé Fágúnwà àkọ́kọ́ ṣe rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ìwé, àfi kó wá ẹ̀dà 1938 náà rí.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wà nínú àpótí bàbá àgbà tó ṣe tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o fún ẹlẹ́pà tàbí alákàrà láti fi pọ́n ọjà. Ẹ gbé e síbi tí ikán àti òjò ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí àyè nílé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ yín.