Omi Tí A Gbé Wá, Omi Tí A Ó Dà Nù

Ní ilẹ̀ wa, omi ni a kọ́kọ́ fi ń kí àlejò. Kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá, kí a tó bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, igbá omi ti dé iwájú rẹ̀. Ó mu, ó dúpẹ́, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ilé kan, láti Kambolé títí dé Tchamba, tí wọ́n ti ń bi àlejò léèrè ibi tí yóò da omi sí nígbà tí ó bá lò ó tán. Kò sí ìdí tí wọn ì bá fi béèrè. Àlejò kì í gbé omi ìdọ̀tí rẹ̀ kiri. Balùwẹ̀ onílé ni ó ti ń wẹ̀, omi a sì ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí ènìyàn bá sọ ọkọ̀ di ilé ni ọ̀rọ̀ náà máa ń yí padà.

Ní ìsinmi oṣù Kejìlá tí ó kọjá, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Camping-car ni àwọn Faransé ń pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ni ó fi í ránṣẹ́ gba èbúté Lomé wá. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn. A gba ojú títì ńlá lọ sí àríwá, a kọjá Notsé, Atakpamé, Blitta àti Sotouboua, a dé Sokodé, a yà sí Tchamba, Kambolé àti Bago. Lẹ́yìn náà ni a padà sí ojú títì ńlá, tí a gba Alédjo àti Kara lọ wo ilé alámọ̀ àwọn Batammariba ní Koutammakou, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2004. Ẹwà ohun tí a rí, ẹlòmíràn nínú wa yóò kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n fi lé àwa lọ́wọ́.

Ikùn mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ní. Àkọ́kọ́ ni táńkì omi mímọ́, ó gba 100 lítà. Èkejì wà lábẹ́ ọkọ̀, òun ni ó ń gba omi tí a fi fọ abọ́ àti èyí tí a fi wẹ̀. Ó gba 90 lítà, ó sì ní ẹnu kan nísàlẹ̀ tí a ń ṣí láti da omi inú rẹ̀ nù. Ẹ̀kẹta ni àpótí ìgbọ̀nsẹ̀, 18 lítà péré, tí a ń fà yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ibùdó wà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: awakọ̀ yóò da omi ìfọbọ́ sí ojú ihò kan nílẹ̀, yóò da àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ sí ibòmíràn, yóò sì pọn omi mímọ́ ní ẹnu ẹ̀rọ tí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára méjèèjì. Láti Lomé dé Koutammakou, a kò rí ẹyọ kan. Ẹni tí ó kan ọkọ̀ náà ṣe ìdajì iṣẹ́, ó gbà pé ìlú tí ọkọ̀ bá dé ni yóò ṣe ìdajì kejì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìwé ìlànà Sphere, tí àwọn afúnni-ní-ìrànwọ́ ń tẹ̀ lé nígbà tí ogun tàbí àjálù bá lé ènìyàn kúrò nílé, sọ pé 15 lítà ni ó kéré jù lóòjọ́ fún ẹnì kan, fún mímu, sísè àti ìmọ́tótó. Fún àwa mẹ́rin, 60 lítà nìyẹn. Táńkì wa kò lè tó ọjọ́ méjì. A sì fẹ́ kí ó tó ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má lò ju 8 lítà lọ lóòjọ́, yàtọ̀ sí omi mímu tí a fi pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì méjì, tí àwọn ará ilé wa ń pè ní bidon. Ní ilé, garawa kan ṣoṣo tí a fi ń wẹ̀ lówùúrọ̀ ti ju ìyẹn lọ.

A ti ojú omi ìwẹ̀ inú ọkọ̀ pa ní ọjọ́ kejì, nítorí ó ń tú omi bí ẹni pé òjò ni ó ni ín. Igbá kékeré àti kànrìnkàn ni a fi ń wẹ̀. A ń fi ewé nu ọbẹ̀ àti epo kúrò lára abọ́ kí omi tó kàn án; ọpọ́n kan wà fún ọṣẹ, ọpọ́n kejì fún ṣíṣàn. Méjì nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ni wọ́n sì fi ọ̀nà hàn wá jù. Ẹni tí ó ti dàgbà ní Sokodé ti mọ búútà láti kékeré. Àwọn àlùfáà ń kọ́ni pé òṣùwọ̀n mudd kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, èyí tí kò tó lítà kan. Akẹ́gbẹ́ wa ṣe tirẹ̀ lójú wa, ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, ẹsẹ̀, omi sì kù nínú búútà. Láti ọjọ́ náà ni àwa tí a kì í kírun pàápàá ti ń fi búútà fọ ojú.

Ti omi mímọ́ kò le jù. Ní Sokodé, a pọn omi ẹ̀rọ ti Togolaise des Eaux. Ní àwọn abúlé, ẹ̀rọ kànga tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí tí a ń fi ọwọ́ fà ni a lọ bá. Níbẹ̀ ni 100 lítà ti yí ìtumọ̀ padà lójú wa. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin ni. Bí a bá fi ọkọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ tí a sì fi rọ́bà fa omi sínú táńkì lẹ́ẹ̀kan náà, ipò obìnrin mẹ́rin ni a gbà lórí ìlà, nígbà ọyẹ́, tí òjò ti dáwọ́ dúró. A tò. Kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́ẹ̀kan, a ó tún padà sí ẹ̀yìn ìlà. A san ohun tí àwọn ará abúlé ń san fún àtúnṣe ẹ̀rọ wọn. Ó gba wákàtí méjì, àwọn ọmọdé sì fi wá rẹ́rìn-ín dáadáa.

Omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ níkùn. Ẹ̀kán omi Javel méjì sí lítà kan, èyí tí kò ní òórùn dídùn nínú, kí a rò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí a tó mu ún. Bí omi bá rú, a ó kọ́kọ́ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ, a ó sì fi ẹ̀kán mẹ́rin sí i. Omi inú ọ̀rá wà lójú ọ̀nà gbogbo, a kò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ títì láti Atakpamé sókè yóò rí ibi tí ọ̀rá náà ń sùn.

Ìdọ̀tí ni ó fa àríyànjiyàn, Bago sì ni ó ti ṣẹlẹ̀. A gúnlẹ̀ sí agbo ilé ìyá àgbà kan, ọmọ Kambolé tí ó fẹ́ ọkọ sí Bago láti ìgbà èwe rẹ̀. Ikùn kejì ọkọ̀ ti kún dé ọrùn. Kànga ilé kò jìnnà sí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀kan nínú wa ní kí a ṣí ẹnu táńkì lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti gbẹ. Ṣebí omi ọṣẹ lásán ni, ilẹ̀ a sì máa mu gbogbo omi. Òmíràn ní kí a wà á dé ẹ̀yìn ìlú, kí a ṣí i bí a ti ń lọ, bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń ṣe. Èyí tí ó bí wa nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kò dàbí ọ̀ràn lójú wọn. Ènìyàn gidi ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, wọn kò sì jẹ́ da omi ìfọbọ́ sí àgbàlá ìyá tiwọn.

Ìyá gbọ́ ariwo, ó jáde wá. “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ẹ̀ ń jà lé lórí?” A ṣàlàyé. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí táńkì rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀.” Ìyá wò ó títí. “Omi wo?” ni ó fi dá a lóhùn.

Òwe náà kò sọ, lóòótọ́. Ìyá wá mú wa lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ìdí kànga lọ, ó fi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn wá. Ó ní kí a wa kòtò níbẹ̀, kí a kó yangí sí i, kí a da omi náà díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà dá ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ó ní tí epo bá wà nínú rẹ̀, kí a má dà á síbẹ̀ rárá. Òfin tí àwọn onímọ̀ ìlera fi lélẹ̀ ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà, ó kéré tán. Ìyá kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti kànga rẹ̀ dé ṣáláńgá rẹ̀, ó lé ní 50 ìṣísẹ̀. A bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó nawọ́ sí ojúgun rẹ̀, níbi tí àpá kan wà. “Sòbìà,” ni ó wí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí kò mọ sòbìà, inú wa sì dùn pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn ni, tí ń yọ jáde láti ẹsẹ̀ ènìyàn. Ìrora rẹ̀ gbóná bí iná, aláìsàn a sì fi ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè rí ìtura. Ibẹ̀ ni aràn náà ti ń tú ọmọ rẹ̀ sínú odò tàbí adágún. Kòkòrò omi tíntìntín kan gbé ọmọ aràn náà mì, ẹlòmíràn bu omi náà mu, nígbà tí ó bá sì tó ọdún kan, aràn yọ lára òun náà. Ní ọdún 1986, a gbọ́ pé nǹkan bí 3,500,000 ènìyàn ni ó ń kọlù lọ́dọọdún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Kò ní oògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ asẹ́ ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú kànga ẹlẹ́rọ, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, àti bíbẹ aláìsàn pé kí ó má ṣe wọ inú omi tí àwọn ènìyàn ń mu. Fún àwọn arìnrìn-àjò àti darandaran, wọ́n ṣe ọ̀pá oníhò kékeré tí ó ní asẹ́ nínú, tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Ibikíbi tí òùngbẹ bá ti gbẹ wọ́n, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà fa omi mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Olómìnira Benin ní ìwé ẹ̀rí pé sòbìà ti tán níbẹ̀ ní ọdún 2009, Tógò tẹ̀ lé e ní 2011, Nàìjíríà ní 2013, Gánà ní 2015.

Ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò ni àrùn náà fi ń ti adágún kan dé òmíràn. Ìyá kò sọ èyí fún wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ó kàn fi àpá hàn wá, ó sì padà wọlé lọ sùn. A wa kòtò náà lóru, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ fóònù. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí táńkì ni ó wà á jù.

Ó ku àpótí ìgbọ̀nsẹ̀. Olówó ọkọ̀ fi ìgò oògùn kan sílẹ̀ fún wa, aláwọ̀ aró, tí ń pa òórùn. A ka ara ìgò náà, a sì dé e padà. Fọ́málínì wà nínú rẹ̀, èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí ó má baà jẹrà. Bí ó bá dé inú ṣáláńgá, yóò pa àwọn ohun abẹ̀mí kékeré tí ń sọ ìgbẹ́ di ilẹ̀, ṣáláńgá onílé yóò sì tètè kún. Omi lásán ni a fi sínú àpótí náà, a sì ń dà á ní àràárọ̀, kí ó tó ní òórùn. A máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, a ó da ìdọ̀tí sí ṣáláńgá rẹ̀, a ó bu eérú lé e, a ó sì fi omi Javel fọ ọwọ́ àti àpótí ní ọ̀nà jíjìn sí ibi tí a ti ń pọn omi. Ẹni tí ó gbé àpótí kò gbọdọ̀ di rọ́bà omi mímọ́ mú ní ọjọ́ náà. Títọrọ àyè yẹn ni ó nira jù, ó ń ti ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́fà ni a ti tọrọ, kò sí ẹni tí ó kọ̀ fún wa. Ní ẹ̀bá Kara, baba kan tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a béèrè. Ó ní àwọn tí ó wá ṣáájú wa kò béèrè.

Ọkọ̀ náà wà ní Sokodé báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lè yá a. A lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀: orúkọ àwọn ìlú tí a ti rí ẹ̀rọ omi, iye tí a san níbẹ̀, àti ibi mẹ́rin tí onílé ti gbà kí a máa da omi ìfọbọ́ sí. Ti Bago ni ó wà lókè. Ẹ mú ọkọ́ kékeré dání, nítorí yangí inú kòtò náà ń fẹ́ kí a máa kó o jáde kí a sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ọṣẹ lọ fún ìyá.