Mo tún kọ́ lẹ́tà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó tún kọ́ lẹ́tà bí ọmọdé. Òwò aṣọ ló gbé mi dé Delhi, ní Íńdíà. Sanskrit, èdè àtijọ́ wọn, ni mo ń kọ́ ní yunifásítì IGNOU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985. Ilé ni mo ti ń kà á, lálẹ́.

“T” nìkan, mẹ́rin ni wọ́n ní! Òmíràn, ahọ́n á kan eyín. Òmíràn, á ká sókè. Ìwé kò lè gbọ́ àṣìpè mi. Ìyá onílé mi, tí kò mọ̀wé, ló ń tọ́ mi sọ́nà. Èdè náà ló fi ń gbàdúrà láràárọ̀. Èmi náà ń ka ìtumọ̀ fún un.

Lánàá ó ní: “Ṣé ohun tí mo ti ń sọ láti kékeré nìyí? Tún un kà.”