Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa ní Likosi, àmọ́ ta ló fẹ́ sùn ti jẹnẹrétọ̀?

Ẹni tó bá ti Ṣàgámù bọ́ sójú ọ̀nà Ìkòròdú, kó tó rí òrùlé ilé, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò kọ́kọ́ rí. Irin gíga fíofío ni, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Tó bá dalẹ́, iná pupa á máa ṣẹ́jú lórí ẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn títí dé agbègbè Ogijo àti Likosi, tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù.

Ogijo ti mọ ariwo lára, nítorí àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin níbẹ̀. Likosi ní tiẹ̀ ṣì sún mọ́ oko, ibi tí oko bá sì wà, òru máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń sọ jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo di mẹ́wàá. Ní Òṣòdì, ta ni yóò gbọ́ ọ? Àmọ́ níbi tó jẹ́ pé kòkòrò nìkan ló ń dún lóru, bí jẹnẹrétọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún ìyálọ́mọ kó tó mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn fèrèsé òun.

Kẹ́nikẹ́ni má ṣì wọ́n gbọ́ o, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n hú òpó. Kí GSM tó dé lọ́dún 2001, ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ ẹ̀ l'Ékòó sọ̀rọ̀ láti abúlé, àfi kó wọkọ̀ tàbí kó fìwé ránṣẹ́. Lónìí, oníṣòwò obì ní Rẹ́mọ á ti fi fóònù mọ iye tí wọ́n ń tà á kó tó jáde nílé. Iná ìjọba tí kì í dúró ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́: ẹ̀rọ ìdí òpó ò gbọdọ̀ kú, ni wọ́n bá ń da dísẹ́ẹ̀lì sí i.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Àjọ NCC kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2009 pé jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa ariwo ẹ̀, kó fi mítà 5 jìnnà sílé onílé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ má sì kọjú sí ilé kankan. Lọ́dún yẹn náà ni òfin ariwo tí àjọ NESREA ń mójú tó jáde: níbi táwọn èèyàn ń gbé, desibẹ́ẹ̀lì 50 lọ́sàn-án, 35 láti aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀. 35 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ! Àmọ́ àwọn àjọ méjèèjì ò fẹnu kò. NESREA ní mítà 10 ni kí òpó fi jìnnà sílé, NCC ní 5 ti tó. Lọ́dún 2012, NESREA ti òpó kan pa ní Mbora, l'Ábújá, nítorí aráàdúgbò fẹjọ́ ariwo àti èéfín sùn, NCC sì ta kò wọ́n. Ẹni tí kò rí oorun sùn ni koríko tí erin méjì ń tẹ̀.

Mítà 5 sí 10 kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Téèyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ohun tó ń dún ní gbangba, bíi desibẹ́ẹ̀lì 6 ló ń dín kù. Àpótí tí wọ́n tẹ́ fóòmù sínú ẹ̀, sálẹ́ńsà gidi, àti rọ́bà lábẹ́ ẹ̀rọ tún lè dín in kù sí i. Èyí tó dáa jù ni sólà àti bátìrì ńlá, kí bátìrì gbé òpó lóru, kí jẹnẹrétọ̀ sinmi.

Ti ojú ńkọ́? Ní Cape Town, wọ́n ti ń ṣe òpó tó jọ ọ̀pẹ láti 1996. Ọ̀pẹ ayédèrú ní Rẹ́mọ, níbi tí ọ̀pẹ gidi ò wọ́n! Ọ̀dà pupa àti funfun yẹn náà, torí ọkọ̀ òfurufú ni, kì í ṣe fún ẹwà. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí iléeṣẹ́ méjì-mẹ́ta jọ máa lo òpó kan.

Ohun tó ń dun aládùúgbò jù ni owó. Lánlọ́ọ̀dù tó yá wọn nílẹ̀ ló ń gba owó, ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ló ń gba ariwo. Kí onítọ̀hún má bá bàbá onílẹ̀ jà. Kó kọ nọ́ńbà ara géètì òpó sílẹ̀, kó wọn ilẹ̀ láti ìdí jẹnẹrétọ̀ dé ògiri yàrá ẹ̀, kó kọ aago tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń dákẹ́, kó wá gbé e lọ fún iléeṣẹ́ tó ni òpó. Bí wọn ò bá dáhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ sì ni.