Líle bí Ìṣó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń júwe ẹni tí ìyà kò lè bì ṣubú: wọn a ní ó le bí ìṣó. Àwọn ọmọ wa ti gbé e bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, a sì ti ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó yẹ kí àwa òbí wádìí rẹ̀ wò, nítorí ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ ọ́ nípa ọmọ-ogun tàbí atukọ̀, ìyìn ni: ara ẹni náà le, ó sì ní ìfaradà. Bí ó bá sọ ọ́ nípa ẹni tí ń yá ni lówó èlé, ẹ̀gàn ni: àánú kò sí lọ́kàn rẹ̀. Àwa Yorùbá kì í pa méjèèjì pọ̀. Akíkanjú ni a ń pe ti ìṣáájú. Ọ̀dájú ni a ń pe ti ìkẹyìn. Ọkàn Fáráò le, kò sì sí Kristẹni tí ń fi èyí yin ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà ni ó ṣe dùn wá nígbà tí a lọ kí opó kan ní àdúgbò wa, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn nínú Olúwa. Kò sunkún lójú àlejò. Àwọn tí ó wá bá a kẹ́dùn ń yìn ín pé ó le bí ìṣó, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, gbọ́ ìyìn yìí, òun náà sì gbé omijé tirẹ̀ mì. Ìyìn tí kò jẹ́ kí ọmọ sunkún bàbá rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, irú ìyìn wo ni?

Bí a bá ń wá ẹni tí ó le ní ọ̀nà tí ó tọ́, Ìga Ìdúngànran kò jìnnà. Ní ọdún 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ ni a fi gbà á là, láti kóòtù Èkó títí dé Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, àwọn adájọ́ náà wí pé kò sí aláṣẹ tí ó lè fi ọwọ́ kan òmìnira ọmọ-abẹ́ ọba, bí kò bá lè fi hàn níwájú kóòtù pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ní ọdún náà gan-an ni Elékòó padà wọ Èkó; ó wàjà ní 1932. Ó le nítòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá nìkan le: Herbert Macaulay àti ọ̀pọ̀ ará Èkó dúró tì í.

Iṣẹ́ ìṣó kúkú ni láti so pákó mọ́ pákó. Èyí tí ó dá wà nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a mú kí ìpáàrà jẹ ẹ́, a sì máa gún ẹlẹ́sẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa le, ẹ̀yin ará. Kí wọ́n le nítorí ẹlòmíràn, kí wọ́n má ṣe le mọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀, kí a má yìn ín kí a sì máa lọ. Ẹ jẹ́ kí a jókòó tì í.