Láti Mọ́níyà dé Computer Village, Nítorí Mọ́nítọ̀ Kan

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn, wọ́n forí lé Èkó. Ọmọ náà gbé báàgì sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ kò gbọ́wọ́ kúrò lórí àpò ṣòkòtò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ náà fi kó owó ọ̀hún jọ, lára ohun tó ń rí nídìí kọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe. Mọ́nítọ̀ tuntun ló fẹ́ rà, tí yóò máa fi gbá géèmù. Bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn rárá. Ó kàn ní bí owó bá máa ṣòfò l'Ékòó, kó má ṣòfò lẹ́yìn òun.

Ọkọ̀ ojú irin yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, ni èèyàn lè fi ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń lọ sí Ìkẹjà kì í dé Ẹ̀bùtè Mẹ́tà tó jẹ́ òpin rẹ̀. Agége ló ti ń bọ́ọ́lẹ̀, a sì wọ dánfó, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó ní ibùdókọ̀ n'Íkẹjà.

Èèyàn kì í tíì dé Computer Village tí Computer Village fi máa ń pàdé rẹ̀ lọ́nà. Láti abẹ́ bíríìjì Ìkẹjà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń dènà de oníbàárà. “Bọ̀ọ̀dá, ṣé láàpútọ́ọ̀pù ni?” “Daddy, ẹ ò ní fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ tà?” Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á mú èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, owó ẹsẹ̀ wọn á sì ti wà lórí ọjà kí ẹni náà tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bàbá náà kàn ń kí wọn ni, “Ẹ kúuṣẹ́ o,” ó sì ń lọ.

Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé jẹ́jẹ́ ni òpópónà Òtígbà, Pepple àti Ọ̀rẹ́méjì tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ló kọ́kọ́ wọbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń lọ sópin, kọ̀ǹpútà ti gba ibẹ̀, nígbà tí fóònù GSM sì wọ Nàìjíríà ní 2001, kò sí ẹni tó tún rántí pé ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Yàrá ìgbàlejò ti di ṣọ́ọ̀bù, bálíkónì ti di ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Kàtàngówà. Ìgbò, Yorùbá, Hausa, Edo, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àwọn tó ti Kùtọnu àti Accra wá rajà náà ò gbẹ́yìn.

Bàbá ọmọ yìí mọ ibẹ̀ ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Iṣẹ́ atúntẹlifíṣọ̀n-ṣe ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti wá ra ìpààrọ̀ níbẹ̀ nígbà tí mọ́nítọ̀ ṣì ní ikùn lẹ́yìn bí aboyún. Ìgbà yẹn ni ọjà tòkunbọ̀ ń ya wọ̀lú bí omi. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde pé kọ̀ntéínà tó tó 500 ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣù kan, àti pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù inú wọn ni kò wúlò fún nǹkan kan. Òjé wà nínú gíláàsì àwọn mọ́nítọ̀ alíkùn náà, bẹ́ẹ̀ ààtàn ni ọ̀pọ̀ wọn parí sí. Ìdí nìyẹn tí bàbá náà kì í fi í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí tòkunbọ̀ bí kò bá tíì tan ín.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọlọ́jà fa mọ́nítọ̀ gbàǹgbà kan yọ, íǹṣì 27, 4K. “Èyí ni ọ̀gá gbogbo wọn.” Àwòrán rẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣe ìṣirò tiẹ̀ láti ilé. Ojú mọ́nítọ̀ 4K ní pixel tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p, káàdì inú kọ̀ǹpútà ló sì gbọ́dọ̀ ya gbogbo rẹ̀. GTX 1650 tó wà nínú tirẹ̀ á kàn máa mí gúlegúle lábẹ́ ẹrù yẹn ni. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí nínú ká ra mọ́nítọ̀ fún géèmù: èèyàn á ra ojú, á gbàgbé ẹni tó fẹ́ gbé ojú náà. Bákan náà ni ẹni tó ń fi PlayStation 4 gbá géèmù kò ní rí èrè kankan nínú mọ́nítọ̀ 144 hertz, nítorí 60 ni ẹ̀rọ náà mọ.

“Kí ni hertz yẹn ń ṣe níbẹ̀?” ni bàbá rẹ̀ bi í bí wọ́n ṣe jáde.

Ọmọ náà ní iye ìgbà tí ojú mọ́nítọ̀ ń tún àwòrán yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Tòun tó wà nílé, 60 ni. Bí ọ̀tá bá sáré kọjá nínú géèmù, àwòrán rẹ̀ á máa fò, á máa ya. Lórí 144, àwọn àwòrán á súnmọ́ra, ojú á sì lè tẹ̀lé e.

Bàbá rẹ̀ rìn díẹ̀ kó tó fèsì. “Tẹlifíṣọ̀n tí mò ń tún ṣe, 50 ni. Bí iná NEPA ṣe jẹ́ 50 náà nìyẹn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa ṣẹ́jú bí o bá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.”

Ọmọ náà dúró, ó wojú rẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá òun mọ hertz.

Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ íǹṣì 24 kan ni wọ́n bá ní ṣọ́ọ̀bù kejì, lórí àtẹ̀gùn. 144 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, iye tí wọ́n ń tà á sì bá owó ọwọ́ wọn mu. Ọmọ Ìgbò tó ń gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Ìbàdàn mìíràn lọ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná: 100 sí 240 volt ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyẹn dára, nítorí ẹrù Amẹ́ríkà míì wà tó jẹ́ 110 nìkan ló ń jẹ, iná ilé wa á sì jó o. Ó ní kí wọ́n fi funfun kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa, ewé, búlúù, dúdú. Ó lọ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Kò sí pixel kankan tó kú.

Ọmọ náà ṣí ètò kọ̀ǹpútà ọlọ́jà láti wo hertz. 60 ló wà níbẹ̀, kò sí 144.

“Ẹ wò ó,” ni bàbá náà sọ, ó ti dìde. “Ohun tí mo sọ nílé náà nìyí. A ń lọ.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró,” ni ọlọ́jà bẹ̀ ẹ́. “Wáyà ni.” Ó sáré lọ yá wáyà DisplayPort ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiẹ̀. Ojú ihò HDMI ara mọ́nítọ̀ náà jẹ́ ti àtijọ́, kò lè gbé 144. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n tún ṣí ètò náà, 144 sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ra irú ẹ̀rọ yìí lọ sílé, tí wọ́n fi ọdún kan lò ó lórí 60, nítorí Windows kì í fúnra rẹ̀ bọ́ sí iye tó ga nígbà gbogbo. Èèyàn ló ń yàn án.

Ọmọ náà fa asin kọ̀ǹpútà káàkiri. Bàbá rẹ̀ tẹ́ ojú mọ́ ọn.

“Tún un fà.”

Ó tún un fà.

Wọ́n ná an, ọlọ́jà dín díẹ̀ kù, ó kọ rìsíìtì, ó sì fún wọn ní wárántì ọ̀sẹ̀ méjì. Wáyà DisplayPort kò sí nínú owó náà. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọmọ náà kò lè ra wáyà kó tún san owó ọkọ̀ padà sílé. Ó ní òun á padà wá rà á lóṣù tó ń bọ̀, pé òun á fi HDMI ṣe é ná.

“Kí o wá máa wo 60 lórí 144?” Bàbá rẹ̀ kó owó jáde nínú àpò kejì, èyí tí kò fọwọ́ tẹ̀ láti àárọ̀, ó sì san owó wáyà.

Orí itan ọmọ náà ni páálí náà wà títí wọ́n fi dé Mọ́níyà. Kò sí iná nílé. Bàtírì ínfátà ti rọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí, ni wọ́n bá gbé páálí náà ti ògiri, wọ́n sùn.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni iná dé. Kí ọmọ náà tó jí, bàbá rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.